Inú Ló Bàjẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wọ́ ọ wá lórí ẹ̀yìn tirélà,
nínú òjò Walsall tí kò rọ̀ tán, tí kò sì dá:
ọkọ̀ eré kékeré, alága méjì, olórùlé aṣọ,
ara rẹ̀ pupa bí ẹyìn tó pọ́n.
Àwọn ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù súfèé, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára.
Èmi ṣí ilẹ̀kùn.
Òórùn ọ̀rinrin àti aṣọ tó ti bu kọlù mí.
Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú.

Doreen Pargeter dúró sẹ́yìn mi, agboòrùn rẹ̀ ń kán tótó.
"Ọdún mọ́kànlá ló fi wà ní gáréèjì," ló wí,
"láti ìgbà tí Len ti lọ."
Mo wo inú ọkọ̀, mo wo ojú rẹ̀.
Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. Lẹ́nu tiwa, ọ̀kan ni:
inú ọkọ̀ bàjẹ́, inú obìnrin bàjẹ́.
Mo ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi, Láwọyin, oníṣọ̀nà awọ l'Ọ́yọ̀ọ́,
kò jókòó sínú ọkọ̀ eré rí títí tó fi kú.
Àpò ló ń rán, tìmùtìmù, gàárì ẹṣin.
A máa gbé awọ kan imú kó tó sanwó;
a ní awọ tó bá ń purọ́, imú ló ń kọ́kọ́ gbọ́.
Mo sá fún awọ, mo wọ bàálù.
Mo dé Walsall, ìlú àwọn aránṣọ gàárì:
awọ ti ṣáájú mi débí.

Mo tú àga. Irun ẹṣin ni wọ́n fi kún un, kì í ṣe fóòmù,
dúdú, ó ká bí irun ọmọ tó ń sá fún òòyà.
Sípíríǹgì méjì ti kú. Kápẹ́ẹ̀tì rà mọ́ mi lọ́wọ́.
Lábẹ́ àga òsì, ti ẹni tí wọ́n ń gbé,
mo bá pẹ́nì àtijọ́ kan, bọ́tìnì,
ààbọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi láti Holyhead,
àti yẹtí kan ṣoṣo, olókùúta àwọ̀ ewé.
Mo kó wọn sínú àpòòwé.

Awọ tuntun dé, aláwọ̀ tábà.
Òlu lu ihò, abẹ́rẹ́ méjì pàdé nínú rẹ̀,
ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń lọ, bí aládùúgbò lẹ́nu ọ̀nà tóóró.
Ìda oyin lẹ̀ mọ́ ìka mi.
Kieran tó ń kun ọ̀dà ní kí n lo ẹ̀rọ, àsìkò ń lọ.
Mo ní ẹ̀rọ kò mọ ibi tí Len máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé.
Èmi ti rí i, lára ilẹ̀kùn ọ̀tún,
kòtò kékeré kan tó ń dán.
N kò pààrọ̀ ìyẹn. Òróró díẹ̀, ó tó.

Nígbà tó padà wá, ó bọ́ bàtà kó tó wọlé,
bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.
Ó tú àpòòwé sórí itan. Ó rẹ́rìn-ín sí tíkẹ́ẹ̀tì.
Ó dé orí yẹtí. Ẹ̀rín dúró.
"Èmi ò lu etí rí," ló wí,
ó sì gbé irun funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí i.
Kieran pa ẹ̀rọ ọ̀dà.
Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, n kò mọ ti kí ni.

Ó pẹ́.
Ó wá na yẹtí náà sí mi:
"Dá a padà síbi tó wà."

Mo tú ojú rírán mẹ́fà, mo tì í sáàárín irun ẹṣin,
mo rán an pa.
Ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn.
Ó ṣí òrùlé sílẹ̀ nínú òjò wínníwínní yẹn,
ó forí lé ọ̀nà Lichfield, òsì rẹ̀ ṣófo.

Bàbá mi ì bá bi mí pé kí ni imú mi gbọ́.
Awọ. Ìda oyin. Òjò.
N kò gbọ́ irọ́ kankan.